Owó táwọn kan ń kó lọ sí Dùbáì, díẹ̀ nínú ẹ̀ tó jayé l'Abẹ́òkúta

Táwọn ọmọ bá ti gba ìsinmi nílé-ìwé, tàbí tí ọdún bá ti ń kanlẹ̀kùn, ọ̀rọ̀ kan náà ló máa ń wà lẹ́nu àwọn òṣìṣẹ́ tó ń gbé nílùú ńlá. Wọ́n á ní níbo làwọn fẹ́ lọ sinmi báyìí? Ẹni tówó wà lọ́wọ́ ẹ̀ dáadáa á ní Dùbáì lòun ń lọ. Ẹlòmí-ìn á ní erékùṣù Zanzibar ló wu òun, pé òun fẹ́ jókòó sétí òkun, kóun máa mu omi àgbọn, káfẹ́fẹ́ máa fẹ́ sóun lára. Tí wọ́n bá sì dé, àwòrán tí wọ́n máa fi han ará àdúgbò, ọ̀sẹ̀ kan kì í tó o wò tán.

Àwọn tí owó wọn ò tó bẹ́ẹ̀ ńkọ́? Ilé ni wọ́n máa ń jókòó sí. Wọ́n á wo tẹlifíṣàn títí, wọ́n á lọ síbi ìnáwó aládùúgbò kan tàbí méjì, ìsinmi á sì parí. Bẹ́ẹ̀ Abẹ́òkúta tó ń wò wọ́n lójú yìí, kò ju nǹkan bíi ọgọ́rùn-ún kìlómítà sí Èkó lọ. Èèyàn lè jí lọ láàárọ̀ kó padà lálẹ́. Tó bá sì wù ú kó sùn, òtẹ́ẹ̀lì ńlá àti kékeré wà níbẹ̀ tí ò lóǹkà.

Ohun tó tiẹ̀ ń ṣeni ní kàyéfì jù níbẹ̀ ni pé ọ̀pọ̀ ọmọ Ẹ̀gbá gan-an tó ń gbé l'Ékòó, wọ́n lè júwe ọjà tó wà ní London féèyàn bíi pé ibẹ̀ ni wọ́n bí wọn sí, àmọ́ wọn ò gun òkè Olúmọ rí láyé wọn. Tọ́mọ wọn bá bi wọ́n pé kí ló dé tí wọ́n ń pe ìlú wọn ní Abẹ́òkúta, ṣe ni wọ́n máa ní kó lọ bi màmá àgbà.

Ọ̀NÀ TÓ DÉBẸ̀ Ò SÚ NI MỌ́

Tẹ́lẹ̀tẹ́lẹ̀, ohun tó máa ń mú kí ìrìn àjò náà sú èèyàn ni súnkẹrẹ-fàkẹrẹ tó máa ń wà lójú ọ̀nà Sango. Ẹni tó bá wọ ọkọ̀ ní Ìyànà-Ìpájà á la Sango kọjá, á la Ifọ̀ àti Pápálantó kọjá, á dé Ewékorò níbi tí wọ́n ti ń ṣe sìmẹ́ńtì láti 1960, kó tó wá já sí Láfẹ́ńwá. Tí ọ̀nà bá dára, kò sí wàhálà. Tó bá wá lọ dí pẹ́nrẹ́n, ẹni tó ní òun ń lọ sinmi á ti rẹ̀ kó tó débẹ̀.

Ní báyìí, rélùwéè ti gba ọ̀pọ̀ lọ́wọ́ ìyẹn. Oṣù kẹfà ọdún 2021 ni wọ́n ṣí rélùwéè tuntun tó ń ti Èkó lọ sí Ìbàdàn. Ibùdókọ̀ rẹ̀ tó wà ní Ládérìn l'Abẹ́òkúta, orúkọ Ọ̀jọ̀gbọ́n Wole Soyinka ni wọ́n fi sọ ọ́, torí ọmọ bíbí ìlú náà ni, ibẹ̀ ni wọ́n ti bí i lọ́jọ́ kẹtàlá, oṣù keje, ọdún 1934. Ẹni tó bá wọkọ̀ náà ní Ebute-Metta láàárọ̀, á jókòó jẹ́jẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, á máa wo igbó àti oko títí tó fi máa dé. Fáwọn ọmọdé, ìyẹn nìkan ti tó ìgbádùn. Ládérìn jìnnà díẹ̀ sáàárín ìlú o, àmọ́ takisí àti ọ̀kadà wà níbẹ̀ tí wọ́n ń dúró de èrò. Kí àlejò ṣáà ti bá wọn dúnàá dúrà kó tó wọlé, kó má lọ jẹ́ pé tó bá bọ́ọ́lẹ̀ tán ni wọ́n á ṣẹ̀ṣẹ̀ máa fa ọ̀rọ̀ owó.

OLÚMỌ: IBI TÍ GBOGBO Ẹ̀ TI BẸ̀RẸ̀

Kò sí ẹni tó lè sọ pé òun dé Abẹ́òkúta tí ò bá dé Olúmọ. Àpáta náà ga tó mítà 137 sí ojú òkun, àárín ìlú ló sì wà, kì í ṣe inú igbó. Ẹlòmí-ìn á ní kí ló wà lára òkúta lásán? Ẹni tó bá gbọ́ ìtàn ẹ̀ kò ní í sọ bẹ́ẹ̀ mọ́.

Inú igbó Ẹ̀gbá làwọn Ẹ̀gbá wà tẹ́lẹ̀, wọ́n pín sí ìlú kéékèèké. Abẹ́ Ọ̀yọ́ ni wọ́n wà nígbà kan, àwọn ìlàrí tí Ọba Ọ̀yọ́ ń rán wá sì ń jẹ gàba lé wọn lórí. Lísàbí ló gbà wọ́n lọ́wọ́ ìyẹn. Ọgbọ́n tó dá ni pé ó kó wọn jọ sínú ẹgbẹ́ àáró, wọ́n ń bára wọn roko, lónìí oko tèmi, lọ́la oko tìẹ. Ojú àgbẹ̀ lásán làwọn ìlàrí fi ń wò wọ́n. Àṣé ẹgbẹ́ ogun ni Lísàbí ń kó jọ. Ọjọ́ tí wọ́n dìde, kò sílé tí wọn ò dé. Ìdí nìyẹn táwọn Ẹ̀gbá fi ń pe ara wọn ní ọmọ Lísàbí títí dòní, tí wọ́n sì ń ṣọdún ẹ̀ lọ́dọọdún.

Àmọ́ nígbà tí ogun abẹ́lé Yorùbá dé láyé àwọn ọmọ wọn, àwọn ìlú tó wà nínú igbó Ẹ̀gbá tú, iná jó wọn. Wọ́n sá dé Ìbàdàn, kò rọgbọ fún wọn níbẹ̀. Lọ́dún 1830, Ṣódẹkẹ́ kó wọn wá síbi àpáta yìí. Inú ihò tó wà lábẹ́ ẹ̀ lọ̀pọ̀ nínú wọn kọ́kọ́ fara pa mọ́ sí, tọkùnrin tobìnrin, tọmọdé tàgbà. Abẹ́ òkúta ni wọ́n ti rí ìgbàlà, ibẹ̀ sì ni orúkọ ìlú ti jáde. Àlàyé tí ọ̀pọ̀ ń ṣe lórí Olúmọ fúnra ẹ̀ ni pé Olúwa ló mọ ọ́n.

Ihò náà ṣì wà níbẹ̀ dòní. Àwọn tó ń mú àlejò káàkiri á fi yàrá tó wà nínú ẹ̀ hàn wọ́n, wọ́n á fi àwọn kòtò róbótó tó wà lójú àpáta hàn wọ́n, níbi táwọn ìyá ìgbà náà ti ń lọ ohun tí wọ́n fẹ́ sè. Ẹni tó bá tẹ́wọ́ bọ inú kòtò yẹn, tó rò ó pé ẹnì kan ti kúnlẹ̀ síbẹ̀ rí, tó ń lọ ata bí ogun ṣe ń bọ̀ lẹ́yìn, ara ẹ̀ á bù máṣọ. Ojúbọ wà níbẹ̀ pẹ̀lú, wọ́n sì ṣì ń bọ ọ́. Torí ẹ̀, kí àlejò má kàn gbé kámẹ́rà sókè níbi tó bá ṣáà ti wù ú. Kó béèrè. Ilé onílé ni.

Lọ́dún 2006, wọ́n tún ibẹ̀ ṣe lọ́nà ìgbàlódé. Wọ́n gbé lífíìtì sí i, wọ́n kọ́ ilé oúnjẹ àti ibi tí wọ́n ń kó ohun àtijọ́ sí. Àmọ́ ẹ̀rọ ni ẹ̀rọ ń jẹ́, iná ìjọba náà sì rèé. Ẹni tó bá ń lọ, kó ti pinnu lọ́kàn ẹ̀ pé ẹsẹ̀ lòun fi máa gùn ún. Àtẹ̀gùn wà níbì kan. Níbòmí-ìn, àárín àpáta méjì tó há gádígádí lèèyàn máa gbà kọjá. Àwọn tó bá gbé bàtà onígìgísẹ̀ wá, ọwọ́ ni wọ́n máa fi gbé e nígbà tó bá yá, ẹ̀rín làwọn ọmọ sì máa fi wọ́n rín.

Èrè ibẹ̀ wà lókè. Téèyàn bá dórí ẹ̀, gbogbo Abẹ́òkúta ló máa tẹ́ sílẹ̀ níwájú ẹ̀. Á rí páànù ilé àtijọ́ tó ti dípatà pupa, lọ rẹrẹ bí ẹní tí wọ́n tẹ́. Á rí ilé ọlọ́run àwọn Kìrìsìtẹ́nì, á rí mọ́sáláṣí ńlá, á rí odò Ògùn tó ń ṣẹ́ kọ́rọkọ̀rọ lọ. Aago mẹ́jọ sí mẹ́wàá àárọ̀ ló dáa jù láti gùn ún. Tó bá ti di ọ̀sán, òkúta á gbóná, oòrùn ibẹ̀ ò sì mọ olówó.

AKÉ Ò JÌNNÀ SÍBẸ̀

Téèyàn bá sọ̀ kalẹ̀ lórí Olúmọ, Aké ló kàn. Ààfin Aláké wà níbẹ̀, níbi tí Ọba Adédọ̀tun Àrẹ̀mú Gbádébọ̀ ti gorí ìtẹ́ ní 2005. Ẹ̀gbá ní Aké nìkan kọ́ o, torí Òkè-Ọnà wà, Gbágùrá wà, Òwu náà wà, oníkálukú ló sì ní ọba tiẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ bá ọmọ Òwu jà, kó pè é lọ́mọ Aké.

Gbọ̀ngàn ńlá tí wọ́n ń pè ní Centenary Hall wà ní Aké yìí kan náà. Ọdún 1930, nígbà tí ìlú pé ọgọ́rùn-ún ọdún, ni wọ́n fi í ṣèrántí ẹ̀. Ṣọ́ọ̀ṣì St. Peter náà wà níbẹ̀, táwọn èèyàn gbà pé òun ni ṣọ́ọ̀ṣì àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà. Oṣù kìn-ín-ní ọdún 1843 ni òyìnbó ajíhìnrere náà, Henry Townsend, kọ́kọ́ dé Abẹ́òkúta, Ṣódẹkẹ́ fúnra ẹ̀ ló sì gbà á lálejò.

Townsend yìí ló ṣe ohun tí gbogbo ẹni tó ń ka ìwé ìròyìn lédè Yorùbá gbọ́dọ̀ mọ̀. Oṣù kejìlá ọdún 1859 ló bẹ̀rẹ̀ Ìwé Ìròhìn, l'Abẹ́òkúta níbẹ̀, ọjọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló sì ń jáde. Kò tíì sí ìwé ìròyìn kankan nílẹ̀ yìí nígbà náà, tòyìnbó ni o, tYorùbá ni o. Ó wà títí di 1867, nígbà tí ìjà Ìfọ́lé ṣẹlẹ̀, tí wọ́n lé àwọn òyìnbó kúrò nílùú. Àwọn akọ̀ròyìn ò gbàgbé ẹ̀, orúkọ ẹ̀ ni wọ́n fi sọ ilé ẹgbẹ́ wọn ní Òkè-Ìlèwó.

Iwájú ààfin Aké yìí náà làwọn obìnrin Ẹ̀gbá ti ṣe ohun tí wọn ò ṣe rí. Láàárín 1947 sí 1948, wọ́n lérí pé àwọn ò san owó orí mọ́. Ìyáàfin Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti ló ṣáájú wọn. Wọ́n kún iwájú ààfin bámúbámú, wọ́n jókòó, wọ́n sùn síbẹ̀, wọ́n kọrin tó le. Nígbà tó di oṣù kìn-ín-ní 1949, Aláké Adémọ́lá Kejì fi ìlú sílẹ̀ fún wọn. Ó padà dé nígbà tó yá, àmọ́ ọ̀rọ̀ náà ti di ìtàn. Soyinka, tó jẹ́ ọmọdé nígbà náà, fi ojú ara ẹ̀ rí nínú ẹ̀, ó sì kọ ọ́ sínú ìwé tó pè ní Aké, tó jáde ní 1981. Ilé tí ìdílé Ransome-Kuti gbé nílùú náà, níbi tí Fẹlá ti dàgbà, ti di ibi ìṣẹ̀ǹbáyé báyìí, àlejò sì lè wọ ibẹ̀ wò.

ÌTÒKÚ: IBI TÓ YẸ KÍ ÀLEJÒ LA OJÚ Ẹ̀ SÍ

Tí wọ́n bá ní kí èèyàn fi owó ẹ̀ sílẹ̀ síbì kan l'Abẹ́òkúta, Ìtòkú ni kó fi í sílẹ̀ sí. Ọjà àdìrẹ ni. Téèyàn bá ti ń sún mọ́ ọn ni àwọ̀ á ti máa pè é: aró dúdú, àwọ̀ ewé, pupa, òféfèé, wọ́n á fi kọ́ sókè láti ìbẹ̀rẹ̀ òpópónà dé òpin. Àwọn ìyá ọlọ́jà á máa ké sí àlejò: “Ẹ wá wo tiwa o, ojúlówó ni!” Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. Ṣé ojúlówó ni lóòótọ́?

Orúkọ àdìrẹ fúnra ẹ̀ ti sọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Wọ́n á dì í, wọ́n á rẹ ẹ́. Àdìrẹ oníko ni èyí tí wọ́n fi ìko dì kí wọ́n tó rẹ ẹ́ sínú aró. Àdìrẹ alábẹ́rẹ́ ni èyí tí wọ́n rán. Àdìrẹ ẹlẹ́kọ ni èyí tí wọ́n fi ẹ̀kọ ṣe. Ẹ̀kọ tí wọ́n ń sọ yìí, láfún ni wọ́n fi ń rò ó, láfún kan náà táwọn Ẹ̀gbá ń jẹ. Ìyẹ́ adìyẹ làwọn ìyá fi ń tọ́ ọ sórí aṣọ, ní ìlà wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Ibi tí ẹ̀kọ bá wà, aró ò ní í mú un. Tí wọ́n bá rẹ ẹ́ tán, tó gbẹ, wọ́n á ha ẹ̀kọ náà kúrò, àrà tí wọ́n kọ á wá yọ. Àwọn àrà yìí lórúkọ: Ìbàdàndùn wà, Ọ̀ṣùpá-ńlá tí wọ́n ń pè ní Òṣùbàmbà wà, Olókun wà, Sùńbẹ̀bẹ̀ wà. Ewé ẹ̀lú ni wọ́n ń gún fi ṣe aró látijọ́, wọ́n á sín in pẹ̀lú omi eérú, á wà nínú ìkòkò fún ọjọ́ mélòó kan kó tó jinná. Ní báyìí, aró òyìnbó àti àbẹ́là tó ń yọ́ ni ọ̀pọ̀ ń lò, èyí tí wọ́n ń pè ní kàm̀pálà. Ìyẹn náà ò burú, torí iṣẹ́ ọwọ́ ni.

Èyí tó ń pa wọ́n lẹ́kún ni aṣọ tí ẹ̀rọ tẹ̀ wá láti China. Wọ́n á jí àrà tí ìyá kan fi ọ̀sẹ̀ kan rò, wọ́n á fi ẹ̀rọ tẹ ẹ̀gbẹ̀rún lọ́nà ẹgbẹ̀rún rẹ̀, wọ́n á kó o wọlé, wọ́n á sì tà á ní owó pọ́ọ́kú. Lára ẹ̀ sì wà nínú ọjà Ìtòkú níbẹ̀. Ọlọ́jà tó ń fi ọwọ́ rẹ aṣọ ò lè bá ẹ̀rọ du iye owó. Aláró tí ò bá rọ́jà tà mọ́, ọmọ ẹ̀ ò ní í kọ́ iṣẹ́ náà, tó bá sì ti rí bẹ́ẹ̀ fún ìran méjì, ó parí nìyẹn.

Kì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tí iṣẹ́ náà máa kó sí wàhálà. Ní àwọn ọdún 1930, nígbà tí aró òyìnbó àti sódà dé, àríyànjiyàn ńlá ṣẹlẹ̀. Wọ́n ní ó ń ba aṣọ jẹ́, pé àwọn oníbàárà ń sá. Aláké Adémọ́lá fòfin de lílò rẹ̀. Ni àwọn aláró bá faraya, wọ́n ní ẹni tí kò rẹ aṣọ rí kò lè wá kọ́ àwọn níṣẹ́, wọ́n kọ̀wé, wọ́n bá a dé ọ̀dọ̀ àwọn òyìnbó ìjọba. Iṣẹ́ náà bọ́ nínú tìyẹn. Bóyá á bọ́ nínú tàwọn China yìí, ọwọ́ ẹni tó ń ra aṣọ ló kù sí.

Báwo wá ni àlejò ṣe máa mọ ojúlówó? Kó yí ẹ̀yìn aṣọ náà wò. Àdìrẹ tí wọ́n rẹ sínú aró, aró náà á mú un tinú tẹ̀yìn. Èyí tí ẹ̀rọ tẹ̀, ojú ẹ̀ á máa dán, ẹ̀yìn ẹ̀ á sì funfun ráúráú. Kó tún wo àrà ara ẹ̀ dáadáa. Iṣẹ́ ọwọ́ ò lè dọ́gba délẹ̀, ìlà kan á sanra díẹ̀ ju ìkejì lọ. Tí gbogbo ẹ̀ bá rí bákan náà láìyẹ̀ díẹ̀, ẹ̀rọ ni. Kó má sì bẹ̀rù tí aró bá ṣí díẹ̀ nígbà tó bá kọ́kọ́ fọ̀ ọ́, kó ṣáà fọ̀ ọ́ lọ́tọ̀ nínú omi tútù. Lórí ọ̀rọ̀ owó, kó yọwó o, ọjà ni, àmọ́ kó má fi iye tí ẹ̀rọ ń tà yọ iye iṣẹ́ ọwọ́. Àwọn ìyá mí-ìn tiẹ̀ máa ń gbà kí àlejò wọ ẹ̀yìnkùlé wá wo bí wọ́n ṣe ń rẹ ẹ́, tó bá fi ẹ̀rọ̀ bẹ̀ wọ́n. Ẹni tó bá rí i lẹ́ẹ̀kan, kò ní í sọ pé ó wọ́n mọ́.

EBI Ò NÍ Í PA WỌ́N

Ilé Ẹ̀gbá, ilé láfún. Funfun báláú ni wọ́n ń rò ó, wọ́n á da ewédú àti ọbẹ̀ ata lé e, ẹran tàbí ẹja á gorí ẹ̀. Ará Èkó tó mọ àmàlà dúdú nìkan, ìyàlẹ́nu ló máa jẹ́ fún un. Bó bá jẹ́ ìrẹsì ló wù ú, ilẹ̀ Ẹ̀gbá náà ni Ọ̀fàdà wà, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ọbáfẹ́mi-Owódé, abúlé tí ìrẹsì Ọ̀fàdà ti gba orúkọ. Nínú ewé ni wọ́n ti ń bù ú, ọbẹ̀ ata tútù tí wọ́n fi epo dín á wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, ìrù á máa ta sánsán. Ẹni tí ata máa ń bá jà, kó tètè sọ fún olóúnjẹ kó tó bù ú.

Tí wọ́n bá yó tán, Òkè-Mósàn ló kù fáwọn ọmọ. Ibẹ̀ ni ilé ìkàwé Ààrẹ tẹ́lẹ̀, Olóyè Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ wà, tí wọ́n ṣí lọ́jọ́ kẹrin, oṣù kẹta, 2017, nígbà tó pé ẹni ọgọ́rin ọdún. Ìwé nìkan kọ́ ló wà níbẹ̀ o. Ibi ìṣẹ̀ǹbáyé wà níbẹ̀ tó sọ ìtàn ayé ọkùnrin náà, láti ìgbà tó ti jẹ́ ọmọ àgbẹ̀ títí dé orí oyè. Òtẹ́ẹ̀lì wà níbẹ̀, ọgbà ẹranko náà sì wà níbẹ̀. Àwọn tó kórìíra Ọbásanjọ́ àtàwọn tó fẹ́ràn ẹ̀ ló máa ń débẹ̀, tí wọ́n bá sì jáde, wọ́n á tún máa jiyàn lórí ẹ̀ délé.

Ẹni tí ọjọ́ kan ò bá tó fún, kó sùn di ọjọ́ kejì. Kó rìn lọ sí Kútọ̀, níbi tí pápá ìṣeré MKO Abíọ́lá wà, tí wọ́n fi orúkọ ọmọ ìlú náà sọ. Tó bá jẹ́ ọjọ́ Sátidé ló bọ́ sí, kò lè ṣaláì gbọ́ ìlù ìnáwó níbì kan, torí Ẹ̀gbá ò fi ayẹyẹ ṣeré. Bó bá sì mọ̀ pé ọdún Lísàbí ń bọ̀, kó dúró dè é, á rí àwọn ológun àti olóyè nínú aṣọ tí kì í rí lójoojúmọ́.

Lálẹ́, tí rélùwéè bá ń padà sí Èkó, àwọn ọmọ á ti sùn lọ lórí àga, bàtà wọn á ti kún fún eruku Olúmọ. Ìyá wọn á gbé àdìrẹ tó rà lé itan, á tún yí ẹ̀yìn ẹ̀ wò lẹ́ẹ̀kan sí i. Tó bá rí i pé aró ti mú un dé ẹ̀yìn, ọkàn ẹ̀ á balẹ̀. Ìyá kan ní Ìtòkú ti rí owó ọjà gbé délé lálẹ́ yẹn, lọ́jọ́ kejì, á tún ki ọwọ́ bọ ìkòkò aró.